Ìwé Tí Mò Ń Kọ fún Àwọn Ọmọ Tí Mi Ò Tíì Bí

Mi ò tíì bímọ. Mi ò tíì ní àfẹ́sọ́nà pàápàá, nítorí náà kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi má tíì máa bèèrè àǹkárá tí a máa dá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti wọ sáà yìí ni mo ti ra ìwé kékeré kan, tí mo sì ń kọ ohun tí mo rántí nípa ìgbà èwe mi sínú rẹ̀, fún àwọn ọmọ tí Ọlọ́run bá fún mi lọ́la. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá bi mí pé kí ló ń lé mi tó báyìí. Mo ní ẹni tó mọ ìtàn náà jù mí lọ ti ń gbàgbé.

Ìyá àgbà mi ni mò ń sọ, ìyá tó bí màmá mi. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ń gbé. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà láti ìgbà tí mo ti pé ọdún kan ààbọ̀ títí mo fi pé ọdún mẹ́fà. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ìsinmi tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi orúkọ àbúrò wọn obìnrin tó ti kú pè mí. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti ta iṣu yẹn. Mi ò mọ iṣu tí wọ́n ń wí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé oríkì mi kò sọnù mọ́ wọn lẹ́nu: bí mo bá ti kúnlẹ̀ báyìí, "Àjọkẹ́" á jáde ketekete, bí ìgbà tí mo wà ní kékeré.

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí ẹ̀dá sọ pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò rántí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 3. Kì í ṣe pé ọmọdé kì í rántí nǹkan o. Ọmọ ọdún 2 lè fẹjọ́ ẹni tó gba bisikíìtì rẹ̀ lánàá sùn. Bó ṣe ń dàgbà ni àwọn ìrántí yẹn ń parẹ́. Wọ́n tún ní bí àgbà bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ohun tó ti kọjá, ìrántí ọmọ náà a máa kún sí i. Mo kà á, mo sì ronú sí i pé ọdún kan ààbọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lò ní Ìṣẹ́yìn kò sí lórí mi rárá. Orí Ìyá àgbà ló wà, orí yẹn náà sì ti ń jò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì lítíréṣọ̀ alohùn, ẹ rántí bí a ṣe ń gbé fóònù kiri láti gba ohùn onírárà àti oníjàálá sílẹ̀. Kò sí ẹni tó rán wa lọ gba ohùn ìyá wa.

Bí mo ṣe ṣètò ìwé náà nìyí: apá òsì ni mo ń kọ ohun tí èmi fúnra mi rántí sí, apá ọ̀tún ni mo ń kọ ohun tí wọ́n sọ fún mi sí. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa rò pé mo rí ohun tí mo kàn gbọ́. (Ọ̀rọ̀ yìí nira ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn nǹkan kan wà tí mo ti gbọ́ títí, tó fi dà bíi pé mo wà níbẹ̀.)

Apá òsì kò gùn, ṣùgbọ́n ó dùn ún kọ. Ilé tó kọjú sí tiwa, àwọn ahunṣọ ló ń lò ó. Ẹni tó bá mọ Ìṣẹ́yìn mọ̀ pé ìlú aṣọ òkè ni. Bí ọkùnrin mẹ́fà a máa jókòó sídìí òfì lábẹ́ páànù, òwú á nà gbọọrọ níwájú wọn, wọ́n á so ìkángun rẹ̀ mọ́ igi kan tí wọ́n gbé òkúta lé lórí. Bí wọ́n bá ṣe ń hun ún ni igi yẹn á máa wọ́ bọ̀ nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, tí ojú kò fi ní rí i. Àwa ọmọdé a máa gorí òkúta náà ká lè mọ̀ bóyá yóò gbé wa rìn. Kò gbé wa dé ibì kankan rí, wọ́n á ti lé wa. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn, ọ̀kọ̀ tó ń sáré lọ sáré bọ̀, ẹsẹ̀ tó ń tẹ ìtẹsẹ̀, ìró igi tó ń lu òwú pọ̀, òun ló ń jí mi láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n mú mi padà sí Èkó, ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ló dé tí ilẹ̀ kì í mọ́ níbí.

Mo kọ ti eyín náà. Nígbà tí eyín mi àkọ́kọ́ yọ, Ìyá àgbà ní kí n ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tó jẹ́ iye ọjọ́ orí mi, kí n kó o pọ̀ mọ́ eyín náà, kí n jù wọ́n sórí òrùlé, kí alángbá má sì rí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eyín mìíràn kò ní hù. Mo jù ú. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, alángbá kan wà lórí ògiri tó ń mi orí sí mi. Mi ò rẹ́rìn-ín fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ mi wo ló máa ka èyí nínú ìwé ẹlòmíràn?

Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Kánádà ni wọ́n máa bí àwọn ọmọ náà sí. Ẹ rántí ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1981 nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké, l'Ábẹ́òkúta. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló wá tú u sí Yorùbá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ Ìṣọ̀lá yẹn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe mí bákan pé ohun tí àwọn ará ilé bá ara wọn sọ ní Yorùbá ní láti kọ́kọ́ gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá kó tó padà wálé. Tèmi kò ní Ìṣọ̀lá tí yóò bá a tú u. Bí àwọn ọmọ mi kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bi mí.

Ibi tó le nínú ìwé náà ni ti Àǹtí Èkó.

Mo rántí obìnrin kan tó máa ń wá sí ilé wa pẹ̀lú búrẹ́dì Àgége nínú ọ̀rá. Òórùn ìpara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ẹni tó wà ní àdúgbò. Bó bá ti wọlé, ẹ̀yìn ìró Ìyá àgbà ni mo máa ń sá sí. Ó máa na búrẹ́dì sí mi, n ó gbà á, n ó tún sá padà. "Àǹtí Èkó" ni mo máa ń pè é. Ìyá àgbà ni mo ń pè ní Mọ́mì.

Ẹ ti mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́.

Nílé wa, a kì í sọ̀rọ̀ àwọn ọdún yẹn. Mo mọ̀ pé bàbá mi ń ṣiṣẹ́ lókè ọya nígbà náà, pé aago márùn-ún ìdájí ni Mọ́mì ń jáde nílé, pé kò sí ẹni tí wọ́n lè fi mí tì. Ju ìyẹn lọ, tí ẹnikẹ́ni bá ti dá ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́yìn sílẹ̀, Mọ́mì á dìde lọ wo ìkòkò lórí iná, kódà bí kò bá sí ìkòkò kankan lórí iná.

Ìyá àgbà máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi dé, mi ò sunkún rárá. Pé mo jókòó, mo jẹ ẹ̀kọ, mo sùn. Apá ọ̀tún ni mo kọ èyí sí. Mo wá pe Mọ́mì lórí fóònù, mo ní mò ń kọ ìwé kan, mo sì ka ibẹ̀ sí wọn létí. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

"Irọ́ ni," ni wọ́n sọ. "O sunkún. Mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà tí mo dé títì."

Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò lè dáhùn ìbéèrè mọ́. Mo rò ó pé bóyá Ìyá àgbà parọ́ kí ọmọ wọn lè rí oorun sùn l'Ékòó, tí wọ́n sì sọ ọ́ títí tí àwọn náà fi gbà á gbọ́. Ó sì lè jẹ́ pé Mọ́mì ni kò lè gbà pé mi ò sunkún. Mo kọ méjèèjì, mi ò sì fa ìlà sí èyíkéyìí.

Mo wá bi Mọ́mì bóyá kí n yọ ti Àǹtí Èkó kúrò.

"Rárá, kọ ọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oṣooṣù ni mò ń wá. Oṣooṣù, Àjọkẹ́. Bí òjò ń rọ̀, bí kò rọ̀."

Mo kọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú 11. Wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí ọkọ̀ ṣe máa ń gba Abẹ́òkúta, iye ìgbà tó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́nà, àti obìnrin kan tó máa ń bá wọn tọ́jú búrẹ́dì náà kí èrò má jókòó lé e. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni mo ṣì kọ dé.