Lẹ́tà ara ògiri

Lẹ́tà bóòdù tá a gé lẹ̀ mọ́ ògiri kì í dédé já.
Ọ̀dà ló sábà máa ń bá a já wálẹ̀. Ẹ yí lẹ́tà náà padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní Kétu níbí, ọ̀pọ̀ ògiri àtijọ́, amọ̀ ni lábẹ́, sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí, ọ̀dà olómi lókè.
Ẹ fọwọ́ pa á nígbà ọyẹ́, àtẹ́lẹwọ́ yín á funfun.
Kí ni téèpù olójú méjì fẹ́ dì mú níbẹ̀? Eruku?

Sílíkóònù ni tèmi.
Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu ògiri, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fi sílíkóònù lẹ̀ lẹ́tà náà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá fi téèpù bébà gbé e ró di ọjọ́ kejì.

Àmọ́ gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà, ẹ má fi kan lẹ́tà fómù funfun o! Ṣe ló máa jẹ ẹ́.
Ti onírin tó wúwo? Ìṣó, jàre.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ bóòdù Pọ́bẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́, kí lẹ̀ ń lò?