Èrè Iṣẹ́ Ẹni Tí Ń Kọ́ Ọmọ Ní Ọ̀rọ̀ Sísọ

Nígbàkígbà tí àwọn ọmọ bá ń parí ìwé mẹ́wàá, àwọn òbí a máa bi mí léèrè pé iṣẹ́ wo ni ó yẹ kí ọmọbìnrin àwọn lọ kọ́ ní yunifásítì. Wọn a ti dárúkọ iṣẹ́ dókítà, wọn a ti dárúkọ iṣẹ́ lọ́yà, kí n tó lanu. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ iṣẹ́ kan tí ẹnì kankan nínú wọn kò tíì bi mí léèrè rí: iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ sísọ ṣòro fún.

Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìdàgbàsókè ọmọ sì wà lára rẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń kó wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, mo sì lè jẹ́rìí pé èrè ń bẹ nínú iṣẹ́ náà. Kì í ṣe èrè owó ni mo ń wí, nítorí ọ̀rẹ́ mi kò tíì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún 3 kan wà tí ó gbọ́ràn, tí ó sì lóye, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń gbé jáde, kò lè pe kọ́ńsónáǹtì. “Àá” ni ó ń pe bàbá, “àá” náà ni ó ń pe màmá, nítorí ohùn kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní: ohùn ìsàlẹ̀ ṣáájú, ohùn òkè tẹ̀ lé e. Bí ó bá ti ké “àá”, tọkọtaya a dìde pọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni lójú àlejò, ṣùgbọ́n ìyá náà sọ fún wa pé òun kò mọ̀ bóyá ọmọ òun ti pe òun rí.

Ọ̀rẹ́ mi gbé ọmọ náà jókòó síwájú dígí. Ó mú ìka rẹ̀, ó fi kan imú ara tirẹ̀, ó pa ètè pọ̀, ó ní “mmm”. Imú ń gbọ̀n. Ó tún ní “bà”. Imú dákẹ́, èémí sì bẹ́ jáde lẹ́nu. Eré ni ọmọ kà á sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ṣe eré yìí, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Lọ́jọ́ kan, bí ìyá rẹ̀ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kí wọ́n máa lọ, ọmọ fi ìka kan imú ara rẹ̀, ó ní: “Mà-má.” Ìyá náà jókòó padà, kò lè dáhùn. Ẹ̀yin tí ọmọ ń pè ní ogún ìgbà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ bi ara yín wò, èló ni ẹ ó fi ra irú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀?

Ọmọkùnrin kan tún wà tí ó pé ọdún 4 láìsọ nǹkan kan. Àwọn ẹbí ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó fọhùn. Àwọn aládùúgbò ti ń pè é ní odi. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Àṣé etí ni ó wúwo. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò gbọ́, báwo ni yóò ti ṣe sọ ọ́? Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí i létí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí “omi”. N kò ní tàn yín: kò tíì sọ̀rọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, “s” àti “f” ṣì ṣòro fún un láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ń bèèrè omi, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ẹran, wọn kò sì pè é ní odi mọ́. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọn yóò máa fi sọ̀rọ̀ títí ayé. Èdè ni ìyẹn náà, ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Èrè yìí kò mọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ nìkan. Wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ń rí ọmọ. Ìyá, bàbá àti ìyá àgbà ni ó ni ìyókù. Ilé ìdáná gan-an jẹ́ kíláàsì: “Ata rè é. Ata pupa. Gbé ata fún mi.” Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀ kí ọmọ lè rí àyè dáhùn. Bí ọmọ bá ń kólòlò, ẹ má ṣe bá a parí ọ̀rọ̀, ẹ má sì pariwo pé “sọ ọ́ kíá”. Ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ ní sùúrù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ pa Yorùbá tì kí ọmọ lè tètè sọ̀rọ̀, ẹ má gbà. Èdè méjì kì í di ọmọ lẹ́nu. Èdè tí ó dá yín lẹ́nu ni ẹ lè fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ tó, òun náà ni ìyá àgbà yóò fi dá a lóhùn.

Bí ọmọ bá pé oṣù 18 tí kò ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, tàbí tí ó pé ọdún 2 tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí “bàbá lọ”, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí. Ẹ má ṣe dúró de ọdún 4.

Àwọn oníṣẹ́ yìí kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn sì wà. Láti ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ tí ó nílò àmójútó àkànṣe; Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó bá ní sùúrù, tí ó fẹ́ràn ọmọdé, tí ó sì mọ sáyẹ́ǹsì, kò ní ṣòfò níbẹ̀. Kí Ọlọ́run la ohùn àwọn ọmọ wa, kí ó sì fún wa ní etí tí a ó fi gbọ́ wọn.