Bí a ṣe yan élargisseur fún Hilux wa

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la gbé dé lónìí. Kí ẹni tí kò ní mọ́tò má ṣe kọjá. Ẹni tó bá ti jókòó sínú mọ́tò ẹlòmíì rí, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Àwa mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà, la dáwó jọ ra Hilux kan ní Kútọnu. Hilux àtijọ́ ni, irú èyí tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ilẹ̀ nígbà tí ẹrẹ̀ bá dé. Oko wa wà ní ìhà Odò Ọ̀párá, lápá ibi tí ilẹ̀ Benin ti bá ti Nàìjíríà pàdé. Kajú là ń kó níbẹ̀, àti iṣu, àti sóyà. Ọ̀nà oko náà kò ní gúdúrọ̀n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku pupa ni. Nígbà òjò, àwọn kámíọ̀n á ti gbẹ́ kòtò gígùn méjì sí i.

Táyà tó bá mọ́tò náà wá tẹ́ẹ́rẹ́: 205R16 ni wọ́n kọ sí i lára. Nínú ẹrẹ̀, ńṣe ló ń rì bí ọ̀bẹ nínú àmàlà. Ìdí nìyẹn tí a fi ra mẹ́rin tó fẹ̀, 265/70R16, pẹ̀lú jáǹtì wọn (ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní rímù), tí wọ́n tú lára Hilux tuntun. Ihò mẹ́fà ni tiwọn, ihò mẹ́fà ni tiwa, wọ́n sì wọlé wẹ́rẹ́. Inú wa dùn. Àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa yí fólọ̀n dé òpin tí a gbọ́ gàrà-gàrà: táyà iwájú ń ha irin abẹ́ mọ́tò. Ẹ ṣírò rẹ̀: 265, ẹ yọ 205 kúrò, ó ku 60 mìlímítà. Ìdajì lọ síta, ìdajì lọ sínú. Jáǹtì tuntun náà sì tún wọ inú ju ti àtijọ́ lọ.

Mẹ́káníìkì wa ní ká lọ wá élargisseur. Irin roboto kan ni, tí wọ́n ń fi sí àárín họ́ọ̀bù àti jáǹtì kí ẹsẹ̀ mọ́tò lè sún síta díẹ̀. Ó ní ká má gbàgbé écrou. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tó wá lo ìsinmi láti Èkó ń wò wá. Ó rò pé ẹ̀kuru la fẹ́ lọ rà. Nọ́ọ̀tì ni o.

Èyí tí a kọ́kọ́ rà, owó pọ́ọ́kú ni. Irin pẹlẹbẹ lásán, ó nípọn tó 20 mìlímítà, oníhò mẹ́fà, kò sì ní bólùtù tirẹ̀. A kàn kì í bọ bólùtù mọ́tò, a gbé jáǹtì lé e, a dè é. Nọ́ọ̀tì kò yí púpọ̀ kó tó le. A rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka iye ìgbà tó yí nínú wa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó àbúrò wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóko, lóru, òjò ń rọ̀. A gbé e sẹ́yìn, ìyá wa di ọwọ́ rẹ̀ mú, a forí lé Ṣábẹ̀ẹ́. A ò tíì rìn jìnnà tí fólọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. A rò pé ẹrẹ̀ ló há sínú jáǹtì. Ìyá wa ló sọ láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ dúró. Mọ́tò yìí ń wí nǹkan.” A tan iná tẹlifóònù sí ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún. Nọ́ọ̀tì méjì ti lọ, bólùtù kan ti kán, àwọn mẹ́ta tó kù ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Onízẹ́mìjàn kan tí a jí lójú oorun ní abúlé tó wà nítòsí ló gbé e lọ. Ìyá wa jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbá a mú, ènìyàn mẹ́ta lórí alùpùpù kan nínú òjò títí dé ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin ló bí ní ìdájí. Àlàáfíà ni wọ́n wà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá wa kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà la tó jókòó kọ́ ohun tó yẹ ká ti kọ́. Bólùtù mọ́tò wa nípọn tó 12 mìlímítà. Bí nọ́ọ̀tì bá yí lẹ́ẹ̀kan lórí rẹ̀, mìlímítà kan àti ààbọ̀ ló wọlé. Ohun tí àwọn mẹ́káníìkì ń tẹ̀ lé ni pé kí ibi tí nọ́ọ̀tì ti di bólùtù mú gùn tó nínípọn bólùtù náà, ó kéré tán. Tí ẹ bá fi ọ̀kan àti ààbọ̀ pín 12, mẹ́jọ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló yẹ kí nọ́ọ̀tì yí. A lọ sídìí ẹsẹ̀ òsì, níbi tí irin pẹlẹbẹ kejì ṣì wà, a tú nọ́ọ̀tì kan, a kà á: ẹ̀ẹ̀mẹrin àti ààbọ̀. Orí ẹ̀ẹ̀mẹrin àti ààbọ̀ yẹn la gbé aboyún lé.

Oríṣi kejì ní bólùtù tirẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi nọ́ọ̀tì mẹ́fà dè é mọ́ họ́ọ̀bù, jáǹtì á wá jókòó lé bólùtù mẹ́fà mìíràn tó yọ lára irin náà. Èyí la yàn. Àríyànjiyàn wá kù sí bó ṣe máa nípọn tó. Àbúrò wa fẹ́ 50, kí mọ́tò lè dúró bí akọ màlúù. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká kó gbogbo rẹ̀ dànù, ká padà sí táyà tẹ́ẹ́rẹ́. A fi rúlà wọ̀n ọ́n: ohun tí táyà nílò kó má ha irin mọ́ kò ju 20 lọ. Ẹ ó ní ká ra 20 nígbà náà. Wàhálà rẹ̀ ni pé bólùtù mọ́tò fúnra rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ á yọ lójú irin náà, á máa ti jáǹtì, jáǹtì ò sì ní jókòó dáadáa. Àwọn kan máa ń gé bólùtù kúrú. Àwa ò gé nǹkan kan. 32 la rà, torí nínú èyí tí a rí lọ́jà, òun ló kéré jù tí bólùtù ò fi yọ.

50 ńkọ́? Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń jìnnà sí họ́ọ̀bù ni ẹrù ń wọ rúlúmọ̀n lára sí i, bí ẹni tó na ọwọ́ tán gbé korobá omi dípò kó gbé e mọ́ ìhà. Àbúrò wa kò gbà. Ó ní tí ẹsẹ̀ bá fẹ̀, mọ́tò á lè rìn nínú kòtò àwọn kámíọ̀n. A mú okùn lọ sójú ọ̀nà. Láti àárín kòtò kan dé àárín ìkejì fi bí 40 sẹ̀ǹtímítà ju ti Hilux wa lọ. Irin 50 lọ́tùn-ún lósì, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré ni. Ó ká okùn náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni ihò àárín. Ojú họ́ọ̀bù wa yọ síta ní roboto, 106 mìlímítà. Ihò élargisseur gbọ́dọ̀ jẹ́ 106 kó lè jókòó lé e láìmì, kí òun náà sì ní ètè 106 tí jáǹtì á jókòó lé. Tí ihò bá tóbi jù, bólùtù nìkan ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ọlọ́jà kan fi oníhò 110 lọ̀ wá, ó ní gbogbo mọ́tò ló ń wọ̀. A fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ tún wọn àárín ihò bólùtù méjì tó dojú kọra: 139.7 ni ti Hilux oníhò mẹ́fà.

Iwájú nìkan la fi í sí, níbi tí táyà ti ń ha nǹkan. Àbúrò wa ní mọ́tò náà wá dà bí ọ̀pọ̀lọ́. Kó máa wí. A pààrọ̀ gbogbo bólùtù ẹsẹ̀ ọ̀tún, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lójú họ́ọ̀bù, a sì ń de nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọra, kì í ṣe ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Lẹ́yìn 50 kìlómítà, a tú jáǹtì, torí ọwọ́ kò lè dé nọ́ọ̀tì inú bí jáǹtì bá wà lórí rẹ̀. Ìyà tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Mẹ́ta nínú méjìlá ti dẹ̀ díẹ̀. A tún wọn dè. Ní 100, wọ́n dúró. Oṣooṣù là ń tú u wò báyìí.

Ìyá wa ti ń wọ mọ́tò náà padà, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́kọ́ fi ọ̀pá kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, á ní, “Ẹ ti kà á?” Ọmọ náà ti ń rìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn sì tún ti ń kùn díẹ̀ tí a bá sáré. A ó ṣí rúlúmọ̀n rẹ̀ wò kí kajú tó dé. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó ní Ṣábẹ̀ẹ́, kó jọ̀wọ́ sọ fún wa.