Inú Àṣíborí

Bí mo bá gbé àṣíborí ogun àtijọ́ sọ́wọ́, iwájú kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Inú rẹ̀ ni mo máa ń yọjú sí, bí obìnrin tó fẹ́ ra ìkòkò, kí n tó fi àtàǹpàkò wá ojú òòlù kiri.

Ìyà ló kọ́ mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà níbi gbàǹjo kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní ti ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ogun 1642 sí 1651 tí ọba àti ilé aṣòfin jọ jà. Àwọn ẹlẹ́ṣin ìhà méjèèjì ló dé irú rẹ̀: ọ̀pá irin mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ bo ojú, irin pẹlẹbẹ sì tò léra wọn dé ẹ̀yìn ọrùn bí ẹ̀yìn edé. (Lára àwọn ará Tọ́kì, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ọ̀tá, ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀.) Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń fi í yangàn fún àlejò, títí ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀ ọ́n fi gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka méjì wọn iwájú, ó wọn ẹ̀gbẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Bákan náà ló nípọn níbi gbogbo. Irin tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni, ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìgbà tí àwọn olówó ń fi ìhámọ́ra ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, tí àwọn bíi Ernst Schmidt ní Munich sì ń rọ ẹ̀dà fún wọn. Ẹ̀dà kò burú. Ẹni tó ń tún un tà láìpè é ní ẹ̀dà ni ọ̀dàlẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìdí ewìrì ni wọ́n bí bàbá mi sí, irin sì tún rí mi tàn jẹ!

Ojúlówó kì í rí bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé iwájú orí ni idà ń bá, ó jẹ́ kí irin nípọn níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, ó lù ú fẹ́lẹ́ kó má baà wúwo jù lọ́rùn. Ìta ló ń dán. Inú, á fi í sílẹ̀ ní dúdú, ojú òòlù á sì hàn bí ojú ìka lára iyán.

Mo rí àṣíborí tí olú-ọba Maximilian I fi ta Henry VIII, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Leeds. Konrad Seusenhofer ló rọ ọ́ ní Innsbruck láàrin 1511 sí 1514: ìwo àgbò méjì, awò ojú, àní irùngbọ̀n ṣákiṣàki lára irin. Ojú egúngún ni mo kọ́kọ́ pè é. Gíláàsì kò jẹ́ kí n rí inú rẹ̀.

Èyí tí mo ní báyìí, ọ̀pá ojú rẹ̀ ti kán, ìbò ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti já sọnù. Owó tí mo fi rà á kò tó ìdajì ti ayédèrú. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáńpépà kàn án.