Àwọn Tó Ń Jẹ Oògùn Koríko

Àwa tí wọ́n bí sí Òkè Ọya, tí a ti ń sọ Hausa kí a tó mọ òwe Yorùbá márùn-ún pa, a kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo gbé wá, àti ti bakitéríà, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ oògùn apakoríko bí ẹní ń jẹ iyán.

N kò ṣàwàdà. Ní 1949, L. J. Audus ní London fi oògùn 2,4-D sí erùpẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọ. Lákọ̀ọ́kọ́, oògùn náà dúró fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìgbà tí ó tún fi òmíràn sí erùpẹ̀ kan náà, kò pẹ́ tó fi pòórá. Àwọn bakitéríà ti rí oúnjẹ tuntun, wọ́n sì ti bí sí i.

Ti atrazine, tí àwọn alágbàdo mọ̀ dáadáa, ló yà mí lẹ́nu jù. Ìgbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ ni wọ́n gbé e jáde fún títà. Ní 1995, Mandelbaum, Allan àti Wackett kọ̀wé nípa bakitéríà kan, Pseudomonas ADP, tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà níbi tí oògùn koríko ti dà sílẹ̀. Náítírójìn inú atrazine ló ń jẹ. Yóò kọ́kọ́ yọ kílóríìnì kúrò lára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni agbára àtipa koríko ti tán. Yóò gé ẹ̀ka méjèèjì, yóò sì já òrùka àárín rẹ̀ títí yóò fi ku amóníà àti irú afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta. Àbùdá mẹ́fà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, orí plasmid kan ni wọ́n wà, bakitéríà kan sì lè fi í fún òmíràn, bí a ṣe ń ya ìwé ara wa lò tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ó kàn mí nítorí bàbá mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo nítòsí Sàmárù. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi atrazine sí ilẹ̀ kan náà. Nígbà tó yá, koríko kò gbọ́ mọ́. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta oògùn ti po omi mọ́ ọn. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì gbé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Òkè Ọya. Nísinsìnyí, tí ọ̀kan bá ti jókòó ní ìpàdé ọmọ ìlú, ìkángun kejì ni èkejì ń lọ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó lè jẹ́ ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́."

Wọ́n ní, "Ilẹ̀ ń jẹ oògùn? Àbí òun ló rán ọ sí mi?"

N kò sọ pé kò sí ayédèrú lọ́jà. Ó kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tí kò mọ atrazine rí, ó lè tó oṣù méjì kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Lórí ilẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kò sì yẹ kí a bínú sí àwọn kòkòrò yìí. Nítorí pé oògùn náà ń wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ ni Yúróòpù ṣe fòfin dè é ní 2004, NAFDAC náà sì kéde ìfòfindè tirẹ̀ láti 2025. Èyí tí a ti dà sílẹ̀ kọjá ńkọ́? Omi kànga ni à ń mu nílé wa.

Ìgò ọjọ́sí ṣì wà nílé. Mo bu erùpẹ̀ oko bàbá mi sí ìkòkò méjì, mo bu ti ibi tí oògùn kò kàn rí sí méjì, mo sì wọ́n oògùn inú ìgò náà sí gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n óò gbin tẹ̀tẹ̀. Bí ó bá hù dáadáa nínú ti oko, tó kú nínú ti kejì, oògùn gidi ni. Bí ó bá yè nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bàbá mi jàre. Mo ti bẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n wá wò ó lọ́jọ́ kan náà. N kò tíì sọ fún ẹnì kankan nínú wọn pé èkejì ń bọ̀.