Láti Budapest dé Ìdí Ìkòkò Gulyás

Makaróní, ẹran màlúù lílọ̀ àti tòmátì tí a sè pọ̀ nínú ìkòkò kan ni goulash tí mo mọ̀, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń sè é. Ó ń yó ni, ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Hungary ni ọbẹ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, gulyás ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin wọ Yunifásítì Debrecen láti kọ́ iṣẹ́ dókítà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣe, mo pinnu pé tí mo bá lọ kí i, n ó kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀.

Budapest ni mo kọ́kọ́ dé, Ọjà Ńlá tó wà nítòsí odò Danube ni mo sì gbà lọ. Láti 1897 ni wọ́n ti ń ná ọjà náà. Ata pupa gbígbẹ tí wọ́n fi okùn sín rọ̀ káàkiri ìsọ̀, paprika lílọ̀ sì wà nínú àpò. Ìyá tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ bi mí bóyá édes ni mo fẹ́, èyí tí kì í ta, tàbí csípős, èyí tó ń ta. Mo ra méjèèjì. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata ti wá, bí tiwa náà. Àsìkò tí àwọn Tọ́kì ń jọba ní Buda, láti 1541 sí 1686, ló wọ Hungary. Szeged àti Kalocsa ni ìlú tí òkìkí paprika wọn kàn jù lónìí.

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé mi dé Debrecen. Bí mo ṣe fi àpò ata han àbúrò mi, ó ní Szeged ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Albert Szent-Györgyi ti rí fítámì C tó pọ̀ nínú paprika, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937.

Ó mú mi lọ sí Hortobágy, pápá tó tẹ́ lọ gbansasa. Màlúù wọn ní àwọ̀ eérú, ìwo wọn sì gùn bí ti màlúù àwọn Fúlàní wa. Àwọn darandaran irú pápá báyìí ló bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ náà, nínú ìkòkò irin tí wọ́n ń so kọ́ sórí iná nínú pápá.

Ṣùgbọ́n ilé ìdáná ìyá onílé àbúrò mi ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ dín àlùbọ́sà tó pọ̀ lórí iná jẹ́jẹ́ títí ó fi rọ̀ dáadáa. Mo fẹ́ bu ata sí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí ẹ gbé ìkòkò sọ̀ ná.”

Ṣúgà wà nínú paprika, kíá ló ń jóná, tó bá sì jóná, ó ti korò nìyẹn. A sọ ìkòkò kalẹ̀, a ro paprika pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, a da ẹran ẹsẹ̀ màlúù tí a gé wẹ́wẹ́ sí i, a fi áyù àti hóró caraway kún un, a sì bu omi díẹ̀ sí i. Nígbà tí ẹran rọ̀ tán ni omi púpọ̀, kárọ́ọ̀tì àti pòtétò tó wọlé. Tòmátì ẹyọ kan ṣoṣo ni. Lẹ́yìn náà, ìyá fi ẹyin po fùláwà láìfi omi sí i, wọ́n ń fi ọmọ ìka já a kéékèèké sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Csipetke nìyẹn. Tó bá ti léfòó, kò ní pẹ́ jinná.

Nílé mi ní Ìbàdàn, makaróní ni mo ń lò dípò csipetke, òróró sì ni mo fi ń dín àlùbọ́sà. Fún ẹran kìlò 1, àlùbọ́sà ńlá 3 àti paprika ṣíbí ńlá 2 tó. Ata gígún tiwa kò lè rọ́pò paprika, torí yóò ti ta kọjá ohun tí ẹnu lè gbà kó tó pọ̀ débi tí yóò mú ọbẹ̀ ki. Mo ń fún ẹran ní wákàtí 2 lórí iná jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú 10 tó kẹ́yìn ni makaróní ń wọlé. Ẹ má ṣe yí ètò yìí padà. Àlùbọ́sà, paprika àti sùúrù ló ń gbé adùn goulash ró, kí tòmátì tó dé rárá.