Ta Ni Yóò Máa Jókòó Tì Ọ́? Lẹ́tà sí Àkànbí Lórí Ètò Ìwádìí

Ìbàdàn,
15 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Àkànbí, ọmọ mi àtàtà,

   

Mo rí àwọn ètò ìwádìí mẹ́jọ tí o kọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tí o ní kí n bá ọ yàn nínú wọn fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó ń bọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo mú bírò, mo kà á bí mo ṣe máa ń ka iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo ṣàkíyèsí pé bí òkìkí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe tó lo ṣe tò wọ́n. Àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ ló wà lókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tìrẹ lo kọ sísàlẹ̀ pátápátá. Èmi kò ní tò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́ ló ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìwádìí, orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹnu géètì kò lè kọ́ ọ. Lórí èyí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Kí á kọ́kọ́ yọ àwọn tí òfin kò fún ọ láyè sí. Márùn-ún nínú mẹ́jọ náà jẹ́ REU, ètò tí National Science Foundation, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, dá sílẹ̀ ní 1987. Ètò tó dára gan-an ni. Ibùdó kọ̀ọ̀kan máa ń kó nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, wọn a sì jọ ṣe ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Owó tí wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń tó $600 tàbí $700 lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ onílùú Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card nìkan ni òfin gbà láyè láti jẹ owó náà. Físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní Amẹ́ríkà, ni ìwọ ní. Àwọn ibùdó kan máa ń wá owó láti ibòmíràn fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà fi ímeèlì béèrè kí o tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ní rárá, fa ìlà pa á. Àwọn olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ọ. Má fi ètò tí kò lè gbà ọ́ da wọ́n láàmú. Kódà àwọn tí òfin gbà láyè gan-an ní láti ṣọ́ra, nítorí nígbà tí ìjọba dín owó kù ní 2025, àwọn ibùdó kan fagi lé ètò tiwọn. Má fọkàn sí ibi kankan títí wọn yóò fi fún ọ ní ìwé tó sọ pé owó wà nílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà ni ti yunifásítì ETH Zürich ní Switzerland. Wọn kò ka ìlú tí èèyàn ti wá sí, oṣù méjì gbáko ni, wọ́n sì ń sanwó. Ká ní bí ayé ṣe wà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ló ṣì wà ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá tì ọ́ lọ. Àmọ́ ní Oṣù Keje 2025 ni Amẹ́ríkà sọ pé ọ̀pọ̀ físà tí àwọn bá fún ọmọ Nàìjíríà, ti akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn sì lè fi í wọlé. Èyí tí o fi wọlé ní tìrẹ yóò ti parí kí ìsinmi tó parí. Bí o bá lọ sí Zürich, ó di dandan kí o tún lọ tọrọ òmíràn kí o tó lè padà sí kíláàsì. Oṣù méjì ìwádìí kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ fi ìyókù ẹ̀kọ́ rẹ wewu. Jẹ́ kí ti Switzerland dúró di ọjọ́ mìíràn.

Ó wá ku méjì: ètò Robotics Institute Summer Scholars ti yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, tó ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, àti ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀. Má gbàgbé pé iṣẹ́ tí o bá ṣe níta ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ CPT láti ọ́fíìsì tó ń rí sí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà nínú ọgbà rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: lásìkò ìsinmi, o lè fi gbogbo ọjọ́ ṣe é. Pe ọ́fíìsì náà kí o gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, torí òfin àwọn èèyàn wọ̀nyí ń yí padà ṣáá.

Báwo lo ṣe máa wá mọ èyí tó dára nínú méjèèjì? O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò níbi IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́, lábẹ́ ètò SIWES tí ITF, àjọ ìjọba Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1973 tó ń rán wọn jáde fún oṣù mẹ́fà. Mo ti bá èyí tó wà ní ilé-iṣẹ́ ńlá ní Victoria Island, tó jẹ́ pé fọ́tókọ́pì ló ń ṣe, tí wọ́n sì ń rán lọ ra oúnjẹ ọ̀sán. Mo ti bá òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, tí ọ̀gá ibẹ̀ ń ka kóòdù rẹ̀ láràárọ̀, tó ń bi í pé, "Kí ló dé tí o fi kọ ọ́ báyìí?" Nígbà tí wọ́n padà dé kíláàsì, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi èwo nínú wọn ló mọṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ètò kì í sábà sí nílé lásìkò ìsinmi. Ó wà ní àpérò, tàbí ó ń kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún owó ìwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ rẹ̀ ni yóò máa rí ọ lójoojúmọ́. Nítorí náà, béèrè orúkọ ẹni náà. Béèrè bóyá yóò wà nílé ní Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje, torí ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní àkókò yẹn gan-an, tí wọn a sì fi ọmọ tuntun sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ nǹkan nípa iṣẹ́ náà. Béèrè iye ìgbà tí ẹ ó máa pàdé lọ́sẹ̀, àti ẹni tí yóò máa ka kóòdù rẹ. Ètò tí wọn kò bá lè dá ọ lóhùn lórí ìbéèrè wọ̀nyí, wọn kò tíì múra sílẹ̀ dè ọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, béèrè ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ kí o wádìí gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní á lọ sórí kíka ìwé ìwádìí àti títo kọ̀ǹpútà. Èyí tó kẹ́yìn á lọ sórí pósítà àti ọ̀rọ̀ tí o máa sọ níwájú èèyàn. Mẹ́jọ ló kù. Bí dátà kò bá tíì sí nílẹ̀, gbogbo mẹ́jọ yẹn lo máa fi kó dátà jọ, wàá sì padà sílé láìrí ìdáhùn kankan. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé "a fẹ́ lo ọgbọ́n kọ̀ǹpútà fún ìdàgbàsókè Áfíríkà," rẹ́rìn-ín, dúpẹ́, kí o máa bá tìrẹ lọ. Bí wọ́n bá sì ní "a fẹ́ mọ̀ bóyá ètò kékeré tí a fi dátà Yorùbá díẹ̀ tó mọ́ kọ́ lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ dáadáa ju ètò ńlá tí a kó gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì fún lọ," ìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Kódà bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, o ti rí nǹkan kọ́.

Wá kàn sí àwọn tó ti ṣe ètò náà rí. Abèèrè kì í ṣìnà. Má bi wọ́n bóyá wọ́n gbádùn rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọmọ yóò gbádùn ibi tí wọ́n ti ń fún wọn lówó. Bi wọ́n pé: lẹ́yìn Oṣù Kẹjọ, ta ló ṣì ń bá iṣẹ́ náà lọ? O mọ̀ pé àpérò ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ wọn lọ ju jọ́nà lọ, ọjọ́ ìparí gbígba iṣẹ́ kì í sì í dúró de akẹ́kọ̀ọ́. Àpérò NeurIPS sábà máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún, kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Àpérò ICLR máa ń tì í ní nǹkan bí ìparí Oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ tí wọn kò pè é mọ́, pósítà nìkan ló máa mú lọ. Ẹni tí wọ́n ń bá ṣe ìpàdé lórí fóònù títí di Oṣù Kẹsàn-án lè rí orúkọ ara rẹ̀ lára àwọn tó kọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá sì ṣèlérí pé dandan ni kí wọ́n tẹ iṣẹ́ rẹ jáde, sá fún un. Ẹni tó bá ní kí o sanwó kí o tó wá ṣe ìwádìí, tètè sá. Àwa tí a wà ní yunifásítì nílé ti rí àwọn tó ń ta jọ́nà fún èèyàn. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà ṣe pàtàkì, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Bí wọ́n bá ní $6,000 ni àwọn máa fún ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, béèrè bóyá ilé àti owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pe owó náà ní fellowship, ìjọba sábà máa ń yọ 14% lára rẹ̀ fún ẹni tó ní físà bíi tìrẹ. $840 nìyẹn; $5,160 ló máa dé ọwọ́ rẹ. Bí o bá tún fi háyà ilé sí i, o lè rí i pé ètò tí owó rẹ̀ kéré lójú, tó wà nínú ọgbà tí o ti ní yàrá, ló máa fi nǹkan sílẹ̀ fún ọ.

Mọ̀lẹ́bí wa tí à ń pè ní Dádì Houston pè mí lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n ní kí n sọ fún ọ kí o lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwià, pé owó tó wà níbẹ̀ ju ti ìwádìí lọ fíìfíì. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ire rẹ ni wọ́n sì ń wá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọdún kejì lo wà. Ìsinmi méjì lo ní kí o tó dé ọdún ìkẹyìn. O lè fi ọ̀kan ṣe ìwádìí, kí o fi èkejì ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà kí o mọ èyí tó bá ọ lára mu. Bí o bá sì fẹ́ ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, lẹ́tà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń béèrè, nǹkan bí Oṣù Kejìlá ọdún ìkẹyìn rẹ ni wọ́n sì máa ń fẹ́ ẹ. Ẹni tó rí ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lè kọ pé ọmọ dáadáa ni ọ́. Ẹni tó rí ọ fún ọdún kan, tó rí bí o ṣe ṣe nígbà tí iṣẹ́ náà kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, mọ ohun tó máa kọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tì ọ́ sọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tí o kọ sísàlẹ̀ yẹn. O ní wọ́n fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ láti Oṣù Kìíní, kí o ṣe é la ìsinmi kọjá, àti pé iṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà ni. Kì í ṣe ohun tuntun ní Amẹ́ríkà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ ṣe ìwádìí nínú ọgbà tirẹ̀: MIT ti ń ṣe UROP láti 1969, nígbà tí Margaret MacVicar dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló sì ti wò wọ́n ṣe. Ní ti èdè, ilẹ̀ tí àwọn kan ti ro ni o máa wọ̀. Túndé Adégbọlá dá àjọ Alt-I sílẹ̀ níbí ní Ìbàdàn lórí kíkọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè wa. David Ifeoluwa Adelani, tó ti wà ní yunifásítì McGill báyìí, ló ṣáájú àwọn tó ṣe MasakhaNER ní 2021, dátà tó kó èdè Áfíríkà mẹ́wàá jọ, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe é kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ olókìkí kankan. Ìwọ tí o gbọ́ èdè náà láti kékeré máa rí àṣìṣe nínú dátà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní yàrá ìwádìí yẹn kò ní rí.

Síbẹ̀ n kò ní kí o má kọ̀wé sí Pittsburgh. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o fi ìbéèrè kan náà wọn àwọn méjèèjì, kí ìdáhùn wọn sì yàn fún ọ. Bí ẹni tí yóò máa jókòó tì ọ́ ní Pittsburgh bá yọjú, tí ìbéèrè ìwádìí rẹ̀ sì ṣe kedere ju ti ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ lọ, máa lọ, èmi àti bàbá rẹ á wà lẹ́yìn rẹ. Bí wọn kò bá lè sọ ẹni náà fún ọ, dúró síbi tí o wà.

Nítorí náà, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ tó tì fún ọdún Ìdúpẹ́ (Thanksgiving), kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, sí àwọn tó ń ṣètò ti Pittsburgh, àti sí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ rí. Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí o pè mí ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Jọ̀wọ́, má fi ọwọ́ sí ohunkóhun kí a tó sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Jẹun dáadáa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.